A Kì í Dá Ọmọ Kọjá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga tó fèrèsé pálọ̀ wa ní Sabon Gari, Zaria, èdè mẹ́ta ló ń gbé inú ilé wa. Yorùbá ni ti ìyá mi, Yorùbá Ìlọrin tó ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni ń fa rọ́bà. Hausa ni ti àwa ọmọ, nítorí òun la fi ń ṣeré níta, òun la fi ń jà, òun náà la fi ń bẹ ara wa lẹ́yìn tá a bá jà tán. Gẹ̀ẹ́sì ni ti bàbá mi. Mo ní ti bàbá mi, kì í ṣe pé ó gbọ́ ọ tán o. Ó ń lé e ni.

Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì kan ní Samaru, àdúgbò yunifásítì. Ó ti ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, kò yege, bẹ́ẹ̀ láìsí Gẹ̀ẹ́sì yẹn, akọ̀wé kékeré ni yóò jẹ́ títí tí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun. Ó ní kì í ṣe àròkọ ló gbé òun ṣubú. Àwọn ọ̀rọ̀ tíntìntín tí òyìnbó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ni: up, off, out, after, over. Ìwé ìdánwò ń pè wọ́n ní "phrasal verbs", bàbá mi ń pè wọ́n ní alábàárìn. "'Give' ò níṣòro rárá," ló máa ń wí. "Ẹni tó ń bá a rìn ni kẹ́ ẹ máa wò. Bó bá bá 'up' rìn, ọ̀tọ̀ ni. Bó bá bá 'away' rìn, ọ̀tọ̀ ni. Àwọn àgbà ní, fi ọ̀rẹ́ rẹ hàn mí, kí n sọ irú ènìyàn tó o jẹ́." Nítorí náà ló ṣe pinnu pé gbogbo ilé ni yóò kọ́ ọ. Bí òun bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kéré tán àwọn ọmọ òun ò ní ṣubú síbi tí òun ṣubú sí.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tá a bá ti kírun Mágàríbì, tá a ti jẹ tùwó àti ọbẹ̀ kúkà tán, ìyá mi á tẹ́ ẹní. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà ní Òkè-Ọya á rántí ẹní bẹ́ẹ̀, tábáámà tí àwọn Hausa ń hun, tó bá ṣì jẹ́ tuntun, òórùn koríko gbígbẹ ló máa ń run. Àárín pálọ̀ ni tiwa máa ń wà, ẹ̀bá ògiri nìkan ló máa ń ṣẹ́kù fún ẹsẹ̀ láti gbà láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá àwọn òbí wa. Orí ẹní yẹn la ti ń kàwé, orí rẹ̀ náà la ń sùn. Ẹ̀gbọ́n mi Kàmọ́rù ń sùn lápá ọ̀tún, èmi Ràlíà lápá òsì, àbúrò wa Táju sì wà láàárín, ojú ọ̀nà gan-an. Iṣẹ́ tèmi ni láti fọ gíláàsì àtùpà kí ilẹ̀ tó ṣú. Eérú àti bébà ni mo fi ń fọ̀ ọ́, bí mo bá sì fọ́ ọ, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ rí irú ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ rí.

Bàbá mi gbà pé ara ni ènìyàn fi ń mọ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ẹnu nìkan. Bó bá ti ka ọ̀kan jáde, ẹnìkan nínú wa gbọ́dọ̀ dìde ṣe é kí gbogbo wa rí i. "Sit down," a ó jókòó. "Get up," a ó dìde. "Take off," Kàmọ́rù á bọ́ fìlà. Ẹni tó bá ṣe é bó ṣe yẹ, bàbá mi á da ẹ̀pà sí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣì í ṣe á kọjú sí ògiri, á kúnlẹ̀, á gbọ́wọ́ sókè títí bàbá mi yóò fi rántí pé ó wà níbẹ̀. Bàbá mi kì í sì í tètè rántí.

Táju ló máa ń kúnlẹ̀ jù, òun náà ló sì máa ń jẹ ẹ̀pà jù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nígbà náà, eyín iwájú rẹ̀ ti ká, bó bá sọ "off", atẹ́gùn ló ń jáde. Kò sí èyí tí bàbá mi máa kà tí kò ní fò dìde fún. Ọjọ́ kan, bàbá mi ní kó "put on the lantern". Àná ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní "put on your cap". Táju gbé àtùpà tí a kò tíì tàn, ó gbé e ka orí bíi fìlà, ó wá dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá. Kẹrosíìnì ń ṣàn wọ̀ ọ́ létí. Ìyá mi pariwo, bàbá mi fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn tí àwọn òbí wa ń jáde, bàbá mi fi eré sọ pé kó "look after" mi, ó sì dúró sẹ́yìn mi láti àárọ̀ dọ́sàn-án, ó ń wo ìpàkọ́ mi. Bí mo bá yí, á yí. "Bàbá ní kí n máa wò ẹ́ lẹ́yìn," ló ń wí. Mo gbá a létí, ó sunkún, síbẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn mi. "Give up" ńkọ́? Ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ ló gbé sókè sí àjà. Ó ní òun fún òkè.

Ìyá mi ní tirẹ̀ ń ta bọ́tìnì, síìpù àti òwú fún àwọn télọ̀ ní ọjà Sabon Gari. Bí a bá ń kàwé, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá, á máa ṣa bọ́tìnì sínú ìgò, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá béèrè bóyá òun náà fẹ́ kọ́, á ní òun fi Hausa jẹun, Yorùbá ni òun fi bímọ, kí ni òun fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Táju náà rí i. Ó sọ ara rẹ̀ di tíṣà rẹ̀. Bí wọ́n bá jọ wà nídìí àdògán láàárọ̀, tí ìyá mi ń po kókó, á máa bi í pé, "Ìyá, kí ni 'sit down'?" Ìyá mi á ní, "Kúrò níwájú iná, ọmọ yìí." Bó bá ṣe díẹ̀ sí i, á sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́ pé òun ń jẹ ẹran nínú ìkòkò. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ "zip up" fún oníbàárà kan tó ti Samaru wá, tí obìnrin náà sì gbọ́ ọ, Táju ló kọ́kọ́ sọ fún, kì í ṣe bàbá mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀. Ètè gbogbo wa ti là, bàbá mi fi aṣọ òtútù bo etí, ó ṣí ìwé kan "get over". Kó tó la ẹnu láti ṣàlàyé, Táju ti fò sókè. "Bàbá, na sani!" ló wí. Hausa ni, pé òun mọ̀ ọ́n. Ó na gbalaja sórí ẹní, ó di ojú, ó ní, "Ràlíà, get! Over!" Èmi náà gbé ẹsẹ̀, mo sì dá a kọjá.

Ìgò bọ́tìnì bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. "Ràlíà! Ìwọ ọmọ yìí! Padà! Padà gba ibi tó o gbà!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílé tiwa, a kì í gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹni tó dùbúlẹ̀, pàápàá ọmọdé. Wọ́n ní kò ní ga mọ́. Ẹni tó bá ṣèèṣì ṣe é gbọ́dọ̀ padà gba orí ẹni náà, kí ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dì lè tú. Mo padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ìyẹn dáadáa, mo padà, Táju ò sì dìde títí mo fi padà tán. Bọ́tìnì wà nílẹ̀ káàkiri, gbogbo wa ń ṣà á. Ìyá mi ò tíì tú ojú ká. Ó ní, "Bàbá Kàmọ́rù, Gẹ̀ẹ́sì wo lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ yìí tó ní kí wọ́n dá ọmọ kọjá?"

Bàbá mi ní ìtumọ̀ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó ní bí ìbànújẹ́ bá dé bá ènìyàn, tó bá wá yá tó kúrò lára rẹ̀, òun ni òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀.

"Kí wọ́n máa pè é ní kó kúrò lára nígbà náà," ni ìyá mi dáhùn. "Kí wọ́n má gbé ẹsẹ̀ sí i. A kì í dá ọmọ kọjá."

Bàbá mi wo ìwé, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì mọ èyí tó le jù nínú àwọn méjèèjì. Ó ní ó dáa, a ó fo èyí. Kàmọ́rù ní Bàbá ti get over "get over", ẹ̀rín yẹn sì pẹ́ títí àtùpà fi fẹ́ kú. Nínú gbogbo alábàárìn inú ìwé náà, òun nìkan ni a kò kọ́ nílé wa.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Ẹni tí kò bá gbé Zaria rí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ kò tíì mọ ooru. Ilẹ̀ á máa jó ẹsẹ̀, omi inú ìkòkò á lọ́wọ́ọ́rọ́, àwọn ará ilé á gbé bẹ́ẹ̀dì jáde sí àgbàlá. A máa ń jẹ máńgòrò títí ikùn yóò fi rọ́, a máa ń ṣe eré lángá, tí ènìyàn á di ẹsẹ̀ kan mú lẹ́yìn, á máa fi ìkejì tọ ká. Ṣùgbọ́n àsìkò yẹn náà ni ẹ̀rù máa ń ba àwọn ìyá, nítorí sánkáráú, àìsàn tí Yorùbá ń pè ní yírùnyírùn, tó máa ń mú kí ọrùn ọmọ gan. Ìyá mi ò jẹ́ kí a ti fèrèsé, ó sì ń fi ọwọ́ kan ọrùn wa láràárọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Táju ò jẹ tùwó. Ó ní orí ń fọ́ òun. Wọ́n fún un lóògùn orí fífọ́, ó sì ní òun máa bá wa kàwé, nítorí kò fẹ́ kí Kàmọ́rù jẹ ẹ̀pà òun. Bàbá mi mú èyí tó rọrùn jù fún un, kó má bàa dìde. Ó ní, "Táju, look down." Táju gbìyànjú. Ọrùn rẹ̀ ò tẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Bàbá, kò gbà."

Bàbá mi fi ìwé sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó wo ìyá mi, mi ò sì rí irú ojú yẹn lójú bàbá mi rí. Wọ́n gbé e jáde kíákíá, wọ́n wọ takisí lọ sí ọsibítù. Ìyá mi ò ráyè wọ bàtà. Èmi àti Kàmọ́rù jókòó ti ẹ̀pà tó wà nínú àwo, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nínú wa.

Àwọn dókítà ṣe ohun tó wà lágbára wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn òbí wa wọlé, ọwọ́ ìyá mi ṣófo. Ó rìn dé orí ẹní tí a kò tíì ká nílẹ̀, ó jókòó sí àyè Táju, ó fi ọwọ́ ra ojú ẹní náà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Kò sunkún nígbà yẹn. Èmi ni mo sunkún. Mo bínú sí gbogbo ayé, mo bínú sí oòrùn, mo bínú sí àwọn ọmọ tí mo ń gbọ́ ohùn wọn níta tí wọ́n ń ṣe lángá.

Àwọn ọkùnrin ló gbé e lọ sin. Obìnrin kì í tẹ̀lé wọn, nítorí náà ìyá mi ò rí ibẹ̀. Nígbà tí bàbá mi dé, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Bàbá mi ní abẹ́ igi dọngoyárò kan ni, ibòji wà níbẹ̀. Ìyá mi tún béèrè pé ṣé ojú ọ̀nà ni, ṣé àwọn ènìyàn á máa gbà á kọjá? Bàbá mi ní rárá. Ìyá mi ní, "Ẹ búra." Bàbá mi búra.

Ilé kún. Àwọn àgbà Ìlọrin àti Ọ̀yọ́ tó wà ní Sabon Gari wá, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún ọlọ́mọ tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìyá mi ń ṣe àmín. Obìnrin Hausa tí a jọ ń gbé ilé, Maman Ládì, gbé kúnú wá, ó jókòó tì í, kò sọ ju "Sai hakuri" lọ, pé sùúrù ló kù. Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ kẹta, tíṣà Táju wá. Ará Gánà ni, Tíṣà Kófí là ń pè é, ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ tutù, tó fẹ́ràn Táju nítorí àwọn àṣìṣe rẹ̀ tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ Yorùbá, Hausa rẹ̀ kò sì ju ti ọjà lọ. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àga, ó yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́ títí, kó tó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Madam, sorry. You will get over it."

Bàbá mi gbé orí sókè láti túmọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó kù láti túmọ̀. Mo rí i lójú ìyá mi pé ó ti gbọ́ ọ.

"No, Tíṣà," ni ìyá mi wí. Ó fi ọwọ́ lé àárín ẹní. "My pikin lie down here. I no go over am." Ó wá kọjú sí bàbá mi, ó sọ ọ́ ní Yorùbá. "Ẹ sọ fún un. Ẹ ní a kì í dá ọmọ kọjá. Ẹ ní Táju ló kọ́ mi."

Ìgbà yẹn ló wá sunkún. Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ sọ lójú gbogbo wa nìyẹn. Bàbá mi gbìyànjú láti ṣàlàyé fún tíṣà náà, nípa ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́ yẹn, nípa bí Táju ṣe na gbalaja, nípa ẹsẹ̀ tó gbọ́dọ̀ padà. Gẹ̀ẹ́sì tí ń sá fún un nínú ìdánwò wá lọ́jọ́ náà láìpè, kò ṣi ọ̀kankan. Tíṣà Kófí gbọ́ ọ tán. Ó ní nílé tiwọn náà, ìyá òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹni tó sùn. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá mi, ó ní, "Mama, I take it back." Ìyá mi mọ ìyẹn náà. Ó mi orí.

Láti ọjọ́ náà ni àyè Táju ti wà nílé wa. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, Kàmọ́rù á sùn sí ọ̀tún, èmi á sùn sí òsì, àárín á ṣófo. Bí a bá ká ẹní láàárọ̀, tí ilẹ̀ wà lásán, ìyá mi á tọ ẹ̀bá ògiri lọ sí yàrá, á tọ ẹ̀bá ògiri padà, kódà bó gbé ìkòkò gbígbóná lọ́wọ́. Àwa náà ń yípo bẹ́ẹ̀. Àlejò tó bá fẹ́ gba àárín, ìyá mi á rọra fà á lápá, á ní, "Ẹ gba ibí."

Bàbá mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tún ṣí ìwé, nígbà tó sì ṣí i, kò ní kí ẹnikẹ́ni dìde ṣe nǹkan mọ́. A kàn ń kà á ni, ẹ̀pà ò sì sí. Kàmọ́rù ń ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bàbá mi ní kó sún sí àárín, Kàmọ́rù wo ìyá mi, kò sún. Lọ́jọ́ kan bàbá mi ra àga onítìmùtìmù kan, ó gbé e sí àárín pálọ̀ gan-an. Ó ní ilé tó ní àga ló dùn ún wò. Ìyá mi ò bá a jà. Ó gbé àga náà ní òun nìkan, ó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó padà sídìí bọ́tìnì rẹ̀. Bàbá mi ní, "A ò lè máa yípo títí ayé, Ìyá Kàmọ́rù. Ọmọ ti lọ." Ìyá mi ní, "Mo mọ̀ pé ó ti lọ. Ṣé mo ní kí ẹ má gbà á kọjá ni? Ẹ gbà á kọjá." Bàbá mi jáde lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mi ò wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà, ẹ̀rù ń bà mí láti wò ó. Mo mọ̀ pé ó máa ń gba àárín nígbà míì bí ìyá mi bá wà lọ́jà, nítorí mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kíákíá, bí ẹni ń la omi.

Nígbà tó yá, bàbá mi tún ìdánwò náà ṣe, ó yege. Kò sẹ́ni tó jó nílé wa. Ó rí iṣẹ́ tó sàn ní Ìlọrin, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Inú ọ̀pọ̀ Yorùbá máa ń dùn bí wọ́n bá ń ti Òkè-Ọya padà sílé. Ìyá mi ń di bọ́tìnì rẹ̀ sínú páálí, omijé ń bọ́ sórí wọn. Ó ní, "Tá ni a ń fi í sílẹ̀ fún?" Maman Ládì ní òun wà níbẹ̀. Ó ní òun á máa ní kí ọkọ òun yà wo abẹ́ dọngoyárò náà bó bá ń lọ sóko.

Ní àárọ̀ tí lọ́rì dé, wọ́n kó ẹrù títí pálọ̀ fi ṣófo. Ìyá mi ti wà níwájú lọ́rì, ó fi gèlè bo ojú. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí bàbá mi tó padà lọ wo yàrá, bóyá a gbàgbé nǹkan. Ó jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Dírẹ́bà ń fọn fèrè, kò sí ẹní nílẹ̀, kò sí ìyàwó tó máa wò ó, kò sì rí èmi náà. Ọ̀nà tààrà ló wà níwájú rẹ̀. Ó rìn dé etí àárín pálọ̀, ó dúró. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó tọ ẹ̀bá ògiri, ó yí àyè Táju po jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, ó wá jáde bá mi. Ó ti ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ayé ìgbà yẹn àti ti ìsinsìnyí kì í ṣe ọgbọọgba. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà fún sánkáráú báyìí, bí mo bá rí àwọn ìyá tí wọ́n gbé ọmọ tò fún un, inú mi máa ń dùn, ó sì máa ń dùn mí. Àtùpà ò sí mọ́ tí ọmọ máa gbé ka orí. Èmi náà di tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlọrin, alábàárìn ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ kan nílé fún ìdánwò. Àwọn ọmọ òde òní ò nílò kí ẹnikẹ́ni dìde ṣe nǹkan kó tó yé wọn. Fóònù á sọ ìtumọ̀ fún wọn kí n tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ tán. Mo máa ń sọ fún wọn pé Yorùbá náà ní irú ẹ̀, pé àwa náà máa ń ya ọ̀rọ̀ sí méjì, ká fi nǹkan sáàárín. A ní ó bà mí nínú jẹ́. "Bà" wà níwájú, "jẹ́" wà lẹ́yìn, èmi àti inú mi la wà láàárín. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá dé orí "get over", mo máa ń fún wọn ní ìtumọ̀ tí ìdánwò fẹ́, nítorí mi ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ pàdánù máàkì.

Àwọn òbí mi ti lọ báyìí. Pálọ̀ tèmi tóbi ju gbogbo ilé tí a gbé ní Sabon Gari lọ, táìlì ló wà nílẹ̀, a kì í tẹ́ ẹní. Àwọn ọmọ ọmọ mi á na gbalaja síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa fò kọjá lórí ara wọn, bí mo bá sì ní kí wọ́n padà gba ibi tí wọ́n gbà, wọ́n á ní Màmá àgbà tún ti dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi tó wá kí mi jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń gbé oúnjẹ wọlé láti ilé ìdáná. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ẹ kì í gba àárín? Láti kékeré mi ni mo ti ń rí i. Ògiri lẹ máa ń tọ̀."

Mo dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Mo wo àárín pálọ̀. Ó ń dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi alára ò mọ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ẹnìkan sùn síbẹ̀."